Ǹjẹ́ Ilẹ̀ Lè Kú?

Nínú gbogbo ohun tí Yorùbá fi ń búra, ó ṣòro láti rí èyí tó wúwo ju ilẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ méjì tí wọn kò fẹ́ kí ohunkóhun yà wọ́n a máa mulẹ̀, àwọn ọmọ Ògbóni a máa bọ ilẹ̀ pẹ̀lú edan idẹ, takọ-tabo, níwájú wọn, ẹni tó bá sì dalẹ̀, ìgbàgbọ́ àwọn àgbà ni pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò dá ẹjọ́ rẹ̀. Ohun tó fún irú ìbúra bẹ́ẹ̀ lágbára ni pé wọ́n gbà pé ilẹ̀ ti wà kí ẹni tó ń búra tó dé, pé yóò ṣì wà lẹ́yìn tí onítọ̀hún bá ti wọlẹ̀ sùn, àti pé kò sí ìwà tí ènìyàn hù lórí rẹ̀ tí kò ṣojú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ilẹ̀ lè kú kò sọ ọ̀rọ̀ oko nìkan. Ó ti fọwọ́ kan ohun tí ìgbàgbọ́ dúró lé, nítorí ẹlẹ́rìí tí ikú lè mú lọ kì í ṣe ẹlẹ́rìí ayérayé mọ́. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni àwọn tó ń ṣèwádìí lórí ọ̀rá ilẹ̀ ní Parakou ń fi iṣẹ́ wọn sọ láti ọdún dé ọdún, bí wọn kò tilẹ̀ pè é ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn.

Parakou, olú ìlú ẹkùn Borgou ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Benin, jẹ́ ibi tó yẹ kí a ti bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Bàrìbá, Dendi, Fúlàní àti àwọn Yorùbá tó ti ìhà Ṣábẹ́ àti Tchaourou wá ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀, mọ́sálásí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ojúbọ àtijọ́ kò sì jìnnà síra wọn. Ìjọba dá Yunifásítì Parakou sílẹ̀ ní ọdún 2001, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú rẹ̀. INRAB, ìyẹn àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba, ní ibùdó ní Ina tó wà ní àríwá ìlú náà. Bẹ́ẹ̀ ni Yunifásítì Bonn àti ti Cologne láti ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń jẹ́ IMPETUS ní ọdún 2000, èyí tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún tọpa bí omi òjò ṣe ń rìn lórí ilẹ̀ àti nínú ilẹ̀ ní agbègbè ìsun odò Ouémé. Àsìkò òjò kan ṣoṣo ni agbègbè yìí ń rí lọ́dún, láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá, ohun tó bá sì bàjẹ́ ní àkókò náà, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí àgbẹ̀ tó lè tún un ṣe. Àwọn ènìyàn ìlú náà tó jẹ́ nǹkan bí 103,000 ní ọdún 1992 ti lé ní 250,000 nígbà tí wọ́n tún kà wọ́n ní ọdún 2013. Ẹnu tó ń jẹun ti pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò fẹ̀ sí i. Ilẹ̀ tí àwọn baba ń fi sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó lè di igbó padà lẹ́yìn iṣu, ọkà bàbà àti ẹ̀pà, ni àwọn ọmọ ń padà sí lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, tí àwọn mìíràn kì í sì í fi sílẹ̀ rárá.

Kí a tó dá ẹjọ́ ikú tàbí ìyè, ó yẹ kí a wo ẹni tí a ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Bí onímọ̀ ilẹ̀ bá fẹ́ mọ ilẹ̀ kan, yóò gbẹ́ kòtò tó jìn ju mítà kan lọ, yóò fi ọ̀bẹ fá ọ̀kan nínú ògiri kòtò náà títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi hàn kedere, yóò bu erùpẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò ta omi díẹ̀ sí i, yóò sì fi ìka fún un láti mọ̀ bóyá iyanrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀ tàbí amọ̀. Ní ọ̀pọ̀ oko tó yí Parakou ká, ohun tí kòtò bẹ́ẹ̀ ń fi hàn kò yàtọ̀ púpọ̀: lókè, ìpele kan tó dúdú díẹ̀, tí gbòǹgbò àti ihò ekòló pọ̀ nínú rẹ̀, tó sì kún fún iyanrìn, lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ pupa tí amọ̀ ti ṣàn wọ̀, nísàlẹ̀ pátápátá, òkúta wẹ́wẹ́ pupa, tàbí yangí tó le débi pé ọkọ́ kò ràn án. Ìpele òkè yẹn, tí kì í sábà ju ogún sẹ̀ǹtímítà lọ, ni iṣu, àgbàdo, òwú àti sóyà Borgou ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn. Iyanrìn kò lè di omi mú, kò sì lè di oúnjẹ ohun ọ̀gbìn mú. Ohun tó ń bá a dì í mú ni ewé, gbòǹgbò àti ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà títí ó fi di dúdú, èyí tí kì í sábà ju ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oòrùn, iná ọdọọdún àti ọkọ́ tó ń dojú ilẹ̀ dé léraléra ń jẹ ìdá kékeré yìí lọ, ọ̀gbàrá sì ń gbé ìyókù.

Kí ni à ń pè ní ikú fún ohun tí kì í mí, tí kì í sì í sunkún? Bí ènìyàn bá kú, ara rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó ti lọ ni àjọṣe tó mú kí ẹ̀yà ara máa ṣiṣẹ́ fún ara wọn. Irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Àwọn olú kan wà tí wọ́n kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mycorrhiza. Okùn wọn tín-ín-rín wọnú gbòǹgbò ohun ọ̀gbìn, ohun ọ̀gbìn ń fún wọn ní ṣúgà tó fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe, àwọn náà sì ń bá a wá omi àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn oúnjẹ tí ohun ọ̀gbìn kò lè ṣe aláìní, láti ibi tí gbòǹgbò kò lè dé. Ní ọdún 2008, Atti Tchabi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn olú wọ̀nyí ní ọ̀dàn Benin, láti ibi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mọ níwọ̀n títí dé ibi tó ti gùn jù níhà àríwá. Ẹ̀yà 60 ni wọ́n rí. Wọ́n pọ̀ nínú ọ̀dàn tí ẹnikẹ́ni kò dá oko sí fún ìgbà pípẹ́, wọ́n pọ̀ nínú oko iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la igbó gbìn, ṣùgbọ́n oko òwú ni wọ́n ti kéré jù. Ilẹ̀ tí wọ́n sì ti fi sílẹ̀ láti sinmi fún ọdún mẹ́fà sí méje wà ní agbedeméjì, kò tíì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nínú oko òwú bẹ́ẹ̀, iyanrìn kò lọ, ààlà kò yẹ̀, onílẹ̀ sì lè tà á bó bá wù ú. Ohun tó ti dín kù ni àjọṣe àwọn ẹ̀dá tí ẹnikẹ́ni kò fojú rí, èyí sì ni ìdí tí pípè é ní ikú tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ kò fi jẹ́ àsọdùn.

Ẹni tó di ìgbàgbọ́ àtijọ́ mú lè rò pé ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń tako ohun tí àwọn baba sọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn ìṣẹ̀dá tí Ifẹ̀ fi lé ọmọ Yorùbá lọ́wọ́ kò sọ pé ilẹ̀ ti wà láti ayérayé. Omi ló sọ pé ó kọ́kọ́ wà. Láti ọ̀run ni wọ́n ti gbé erùpẹ̀ díẹ̀ wá nínú ìkarahun ìgbín, wọ́n dà á sórí omi, adìyẹ oníka márùn-ún sì tàn án ká. Ìtàn náà mú kí erùpẹ̀ jẹ́ ẹ̀bùn, ó mú kó mọ níwọ̀n, ó sì fún un ní ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá sì ní ìbẹ̀rẹ̀ kò kọjá ohun tó lè ní òpin. Ilẹ̀ tí a fi ń búra àti erùpẹ̀ tí a ń dá oko sí kì í ṣe ohun kan náà pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ara wọn ni wọ́n wà. Ilẹ̀ ńlá tó gba òkú baba àti ìyá mọ́ra kò bìkítà bóyá iṣu hù lórí rẹ̀ tàbí kò hù. Kò nílò ènìyàn, ó sì lè jẹ́ ẹlẹ́rìí títí láé. Ìpele ogún sẹ̀ǹtímítà tó wà lórí rẹ̀ ni kò lè dá dúró. Àṣìṣe tó ń pa oko ní Borgou lónìí ni pé àwọn ènìyàn rò pé àìkú ti ilẹ̀ ńlá jẹ́ ti erùpẹ̀ oko pẹ̀lú, wọ́n ń sọ pé ilẹ̀ kò lè tán, bẹ́ẹ̀ ohun tí kò lè tán kọ́ ni wọ́n ń jẹ.

Ojúbọ Èṣù sì ti gbé àpẹẹrẹ ikú yìí kalẹ̀ tipẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kà á bẹ́ẹ̀. Yangí ni wọ́n máa ń fi ṣe ojú Èṣù ní ìkóríta. Ohun tí ìmọ̀ ilẹ̀ sọ nípa yangí ni pé irin inú ilẹ̀ a máa yọ́ nígbà tí omi bá kún inú rẹ̀, a sì tún máa dì nígbà tó bá gbẹ. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, irin náà yóò so iyanrìn àti amọ̀ pọ̀ di òkúta, pàápàá níbi tí ọ̀gbàrá ti gbé ìpele òkè lọ tí oòrùn sì ń pa ohun tó kù lójú. Ilẹ̀ tó bá ti di yangí kò ní padà di oko ní ojú ayé ẹnikẹ́ni tàbí ti àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà lè má ní èyí lọ́kàn nígbà tí wọ́n yan òkúta náà fún òrìṣà tó ń ṣọ́ ìkóríta, òrìṣà tó ń wò bóyá ẹni tó gbà rántí láti fi ohun kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ mu ju kí a kàn gbójú fò ó lọ.

Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Parakou, Kùránì sì sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ tó ti kú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: Ọlọ́run ń sọ òjò kalẹ̀, ilẹ̀ òkú ń jí, èyí sì jẹ́ àmì fún àwọn tó ń ṣiyèméjì nípa àjíǹde. Ẹni tó bá rí Borgou ní oṣù kẹta, nígbà tí iná ti jó koríko tán tí ọyẹ́ sì ti fa omi gbogbo gbẹ, tó tún rí i lẹ́yìn òjò méjì tàbí mẹ́ta, kò ní bèèrè ìtumọ̀ àmì náà. Ṣùgbọ́n ikú ẹ̀ẹ̀rùn àti ikú ìṣá yàtọ̀. Ilẹ̀ tí ẹ̀ẹ̀rùn pa ṣì ní irúgbìn àti gbòǹgbò tó ń retí òjò. Bí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó ti ṣá, ohun tó sábà máa ń jí níbẹ̀ ni èkan àti Striga, koríko olódòdó tó rẹwà lójú, tó sì ń fi gbòǹgbò tirẹ̀ fa oje lára gbòǹgbò àgbàdo àti ọkà bàbà títí wọn yóò fi rọ. Kò sí ìlérí nínú àmì náà pé òjò yóò dá padà ohun tí ọwọ́ ènìyàn kó lọ. Kùránì kan náà sọ pé arọ́pò ni Ọlọ́run fi ènìyàn ṣe lórí ilẹ̀, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù sì ń túmọ̀ èyí sí alámòójútó tí yóò jíhìn.

Bíbélì le jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìwé Léfítíkù, orí 25, ọdún keje jẹ́ ọdún ìsinmi fún ilẹ̀, kì í ṣe nítorí àgbẹ̀ bí kò ṣe nítorí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Orí 26 sì kìlọ̀ pé bí àwọn ènìyàn bá kọ̀ láti fún un ní ìsinmi náà, a ó kó wọn lọ sí ìgbèkùn, ilẹ̀ yóò sì gba gbogbo ìsinmi tí wọ́n jẹ ẹ́. Nínú ìrònú yìí, ilẹ̀ ní ẹ̀tọ́, gbèsè rẹ̀ kì í sì í parẹ́ nítorí pé ẹni tó jẹ ẹ́ gbàgbé. Godfrey Nzamujo, àlùfáà Kátólíìkì ti ẹgbẹ́ Dominican, ọmọ Nàìjíríà, gbé irú ìrònú bẹ́ẹ̀ wọ inú iṣẹ́ nígbà tó dá ibùdó Songhai sílẹ̀ ní Ouando, Porto-Novo, ní ọdún 1985, lórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan péré. Ibùdó náà ti ní ẹ̀ka ní Parakou. Ìgbẹ́ adìyẹ ń bọ́ ìdin, ìdin ń bọ́ ẹja, omi odò ẹja ń lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀fọ́, ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná kí ìyókù tó di ajílẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n kà sí ìdọ̀tí níbẹ̀, nítorí ìdọ̀tí kò ju gbèsè tí ènìyàn kọ̀ láti san lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ òyìnbó, ìyẹn èyí tí ilé iṣẹ́ ń ṣe láti inú náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ́ọ̀mù. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, pé ohun tó bá ti inú oko wá nìkan ló mọ́. Òdodo kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà, ẹ̀pà, òtílí àti irúfẹ́ wèrèpè tí kì í yún ara, èyí tí wọ́n tàn kálẹ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀ gúúsù Benin láti ìparí àwọn ọdún 1980 láti fi bo ilẹ̀ kí wọ́n sì fi pa èkan, lè gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ kòkòrò àìfojúrí inú gbòǹgbò wọn. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò sí nínú afẹ́fẹ́. Inú àpáta ló ti ń wá. Màlúù Fúlàní tó sùn sínú oko ní òru ń fi ìgbẹ́ sílẹ̀ fún àgbẹ̀ nípa àdéhùn tó ti pẹ́ ní Borgou, ṣùgbọ́n koríko tó jẹ kó tó yà á, láti ibòmíràn ló ti kó o wá. Ọ̀rá oko kan pọ̀ sí i, ti ọ̀dàn kan sì dín kù. Nítorí náà, níbi tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò ti tó láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, àpò ajílẹ̀ kan lè jẹ́ ọ̀nà òtítọ́ láti san gbèsè. Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Jámánì tí ìwé rẹ̀ ti ọdún 1840 la ọ̀nà fún ajílẹ̀ ilé iṣẹ́, padà wá bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ń kó láti inú ilẹ̀ láìdá ohunkóhun padà, ó pè é ní olè jíjà.

Òwú fi ibi tí olè náà wà hàn. Benin kórè òwú tó lé ní 700,000 tọ́ọ̀nù ní sáà 2019 sí 2020, àríwá ni ó sì pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ rò pé òwú tí ọkọ̀ òkun gbé lọ sí Éṣíà ló gbé ọ̀rá Borgou lọ. Ṣùgbọ́n fọ́nrán òwú funfun náà, afẹ́fẹ́ àti omi ni ohun ọ̀gbìn fi hun èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀; inú kóró àti igi òwú ni ọ̀rá ilẹ̀ wà. Igi òwú ni wọ́n ń fà tu tí wọ́n sì ń jó kí kòkòrò má bàa sá pamọ́ sínú rẹ̀, náítírójìn rẹ̀ a bá èéfín lọ, afẹ́fẹ́ àti òjò a sì gbá eérú. Kóró ń lọ sí ilé epo, èérí rẹ̀ tí ẹran ń jẹ kì í sì í sábà padà sí oko tó ti wá. Kì í ṣe títà ló burú. Ohun tí a jó nílé àti ohun tí a kò gbé padà ni.

Oògùn kòkòrò tó bá òwú rìn ti gba ẹ̀mí ènìyàn. Ní sáà 1999 sí 2000, ó kéré tán ènìyàn 37 ni àkọsílẹ̀ sọ pé endosulfan, ọ̀kan nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀, pa ní Borgou. OBEPAB, ẹgbẹ́ tí Simplice Davo Vodouhè dá sílẹ̀, tó sì ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe lè gbin òwú láìlo oògùn láti ọdún 1996, wà lára àwọn tó kọ irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí ayé lè rí i. Ní ọdún 2011, àdéhùn àgbáyé ti Stockholm lórí àwọn májèlé fi endosulfan sínú àwọn oògùn tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Níbi tí oúnjẹ àti òwú ti ń pín oko kan náà, kò sí ẹni tó lè fi májèlé sínú ilẹ̀ kó sì pa ààlà láàárín ilẹ̀ àti ara rẹ̀.

Ní àkúrọ̀, ìyẹn àfonífojì tútù tí omi ń gbà kọjá, ìlànà sísan gbèsè yí padà. Níbẹ̀, omi tó dúró pẹ́ jù ń lé afẹ́fẹ́ jáde nínú ilẹ̀, irin ń yọ́, ìrẹsì ń fà á mu, ewé rẹ̀ a sì pọ́n bí irin tó dípẹtà. Àgbẹ̀ tó la ọ̀nà fún omi láti jáde yóò gba ìrẹsì rẹ̀ là. Èyí tó bá là á jìn jù yóò fa omi gbogbo kúrò, ilẹ̀ dúdú tí ọ̀rinrin ti tọ́jú fún ìgbà pípẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jóná lábẹ́ oòrùn láìsí ọwọ́ iná kankan. Ìwọ̀n ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà, ojú lásán kò sì lè mọ ìwọ̀n. Ìdí nìyí tí ìbọ̀wọ̀ fún ilẹ̀ láìsí ìwádìí fi lè ba ilẹ̀ jẹ́ tọkàntọkàn.

Ìbéèrè tó kù ni ta ló jẹ gbèsè náà. Ó rọrùn láti dá àgbẹ̀ lẹ́bi, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó ń dá oko yí Parakou àti Tchaourou ká kọ́ ló ni ilẹ̀ tí wọ́n ń ro. Àwọn kan ti òkè Atacora wá nígbà tí ilẹ̀ tiwọn ṣá. Wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀, wọn kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbin igi, nítorí igi gbígbìn jẹ́ àmì pé ẹni tó gbìn ín fẹ́ di onílẹ̀. Ilẹ̀ tí ọkọ ti lò títí tó fi ṣá ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń rí yá láti gbin ẹ̀pà àti sóyà. Kò sí ẹni tí yóò lo ọdún kan láti gbin òtílí tàbí kó da ààtàn sínú ilẹ̀ tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún kejì. Ẹni tó lágbára láti dá nǹkan padà ni onílẹ̀, ẹni tó ń kó nǹkan jáde ni àtìpó, ìṣákọ́lẹ̀ tó ń kọjá láàárín àwọn méjèèjì kò sì ní ìpín kankan fún ilẹ̀ nínú. Òfin ilẹ̀ tí Benin ṣe ní ọdún 2013 fàyè gba àdéhùn tí a kọ sílẹ̀ láàárín onílẹ̀ àti ẹni tó ń yá ilẹ̀. Àwọn ìmáàmù, àwọn àlùfáà àti àwọn baba onílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ wọn ń múlẹ̀ ní abúlé, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ yunifásítì tó lè wọn ohun tó wà nínú erùpẹ̀ nígbà tí a gbé e fúnni àti nígbà tí a gbà á padà, lè jọ jókòó láti jẹ́ kí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ gùn tó ọdún márùn-ún ó kéré tán, kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé igi tí àtìpó bá gbìn kò sọ ọ́ di onílẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ pẹ̀lú pé apá kan ìṣákọ́lẹ̀ ọdọọdún ni a ó san fún ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ní ìgbẹ́ màlúù, ní ewé òtílí, tàbí ní igi òwú tí a kò jó.